Wáyà Tí Kò Tètè Pààrọ̀

Bátìrì kì í dédé kú. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá Wáyà máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún gbogbo ẹni tó bá ti ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bí wọ́n bi í, bí wọn ò bi í. Á nu ọwọ́ sára àkísà, á wo ojú onítọ̀hún bíi pé òun gan-an ló pa bátìrì náà, á ní, “Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó pa á ná, kí ẹ tó lọ ra òmíràn.” Ọkùnrin náà mọṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti pàdé rewáyà tó ní kí ẹ ra bátìrì tuntun, tó tún ní kí ẹ pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí iná pupa yẹn sì ṣì ń wò yín lójú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń wá ibi tí iná ń gbà sá lọ nínú ọkọ̀ olọ́kọ̀, mi ò sì gbọ́ pé èyíkéyìí bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe fún Ìyá Agbẹ̀bí fi ń bí mi nínú títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń gbé fún yín, kí ẹ má baà rò pé ìkà ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, wà ní òkè òkun pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè. Á béèrè bóyá bàbá òun ti jẹun, bàbá á ní òun ti jẹun, ó parí, ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwo kan ló ń fọ̀, ife kan ló ń fọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń rún lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìgbà míì ó máa ń tó ọjọ́ méjì kó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, tó bá sì gbọ́ ọ, á jẹ́ pé ọkọ̀ kan ló ń bá sọ̀rọ̀: “Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an? Sọ fún mi.” Ó dá wà. Mi ò mọ orúkọ míì tí mo lè pè é. Ọkùnrin náà dá wà, ó sì ń dùn ún.

Ọjọ́rú kan ni Ìyá Agbẹ̀bí dé. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdajì àwọn tó ń rìn kiri níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ọdún bíi mẹ́fà ju Ọ̀gá Wáyà lọ. Òun náà ń dá gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti fọ́n ká. Àwọn ọkùnrin méjì kan ló ń bá a ti ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú rẹ̀ bọ̀, òun jókòó sídìí sítíárìn, ara rẹ̀ nàró ṣánṣán, ó ń kí wọn kú iṣẹ́.

Ọ̀gá Wáyà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi mítà kan orí bátìrì, ó wo àwọn fíúsì, ó tẹ bẹ́líìtì wò, ó tún fi mítà kan ibòmíì. Ìyá Agbẹ̀bí dúró tì í, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó.

“Ẹ ń gún un níhìn-ín, ẹ ń gún un lọ́hùn-ún,” ó ní, “ẹ ò tíì bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí rọbí.”

“Ìyá, ọkọ̀ kì í rọbí.”

“Èyí ń rọbí. Láti àná ló ti ń kérora, kò kàn tíì bí nǹkan kan ni.”

Ọ̀gá Wáyà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì gbé orí sókè, ó wò yíká bóyá ẹlòmíì ló rẹ́rìn-ín.

Bẹ́líìtì ló dẹ̀ lọ́jọ́ náà, tàbí kí n sọ pé ohun tó kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ó fún bẹ́líìtì le, ó gbé bátìrì sórí ṣájà. Wákàtí mẹ́rin ni bátìrì tó kú fin-ín-fin-ín máa ń gbà, ó sì ní kí ìyá máa lọ sílé kó padà wá. Ìyá ní kí lòun fẹ́ lọ ṣe nílé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ ti ọkùnrin géńdé kan tó fẹ́ wo bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa bímọ, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n gbé jáde nínú yàrá ìgbẹ̀bí kí ọmọ tó dé. Ó sọ ti ìbejì tí wọ́n fi ọjọ́ kan gbáko ju ara wọn lọ. Ọ̀gá Wáyà gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí ìyá wa ọkọ̀ lọ, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ ju bó ṣe máa ń dákẹ́ lọ, ó sì dúró láàárín ilé, kò rántí ohun tó fẹ́ mú.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ìyá tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí ọkọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pa á, kò jí mọ́. Inú bí Ọ̀gá Wáyà sí ara rẹ̀. Ó ní, áà, kì í ṣe bẹ́líìtì nìkan nìyẹn. Ó fi bátìrì ṣọ́ọ̀bù jí ẹ́ńjìnnì, ó wá ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ kó ti ṣe é láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó kọ́kọ́ fi mítà kan ìdí atanétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí, tó ń ṣe iná tí bátìrì ń mu. Mítà mú fóòtì mẹ́rìnlá àti ààbọ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó gbé mítà kan náà lọ sórí bátìrì. Fóòtì méjìlá péré. Ẹ̀rọ ń ṣe iná, bátìrì kò rí i mu. Ojú ọ̀nà niná ń sọnù sí. Ó tẹ̀ wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ tọ wáyà pupa tó ti ìdí atanétọ̀ wá, ó tọ̀ ọ́ gba abẹ́ páànù tí bátìrì jókòó lé, ọwọ́ rẹ̀ sì bà á. Oníṣẹ́kíṣẹ́ kan ti gé wáyà náà rí. Ó lọ́ ọ pọ̀, ó fi téèpù wé e, ó bá tirẹ̀ lọ. Abẹ́ téèpù yẹn ti jẹrà, bàbà inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Kó yọ wáyà jíjẹrà dànù, kó fi tuntun kan láti ìdí atanétọ̀ dé orí bátìrì, ó parí. Ó nawọ́ mú púláyà.

“Ẹ má kánjú o,” Ìyá Agbẹ̀bí sọ lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀. “Mi ò níbi tí mò ń lọ. Ibí yìí tiẹ̀ tù mí lára ju ilé lọ.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rò ó pé tí òun bá ṣe wáyà yìí, ọkọ̀ yìí kò ní bàjẹ́ mọ́ fún ọdún márùn-ún. Obìnrin tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́, kí ló fẹ́ wá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rewáyà? Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà á, bí ẹ̀rù ṣe máa ń ba ọmọdé tí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ jáde nílé. Ó fi púláyà sílẹ̀, ó mú téèpù, ó wé ibi jíjẹrà náà padà, ó tiẹ̀ wé e dáadáa ju bí oníṣẹ́kíṣẹ́ yẹn ṣe wé e lọ.

“Ẹ jẹ́ ká ṣájì rẹ̀ ná, Ìyá,” ó ní. “Ká máa wò ó títí di Ọjọ́rú.”

Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa nídìí iṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nìyẹn, ó sì pa á láìkọsẹ̀. Háà, ọkùnrin yìí!

Bí Ọjọ́rú ṣe di ọjọ́ ńlá nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gbá ṣọ́ọ̀bù, á kó àwọn atanétọ̀ òkú sí abẹ́ tábìlì, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Fọkanáísà ò ní lè pa á mọ́ra.

“Ọ̀gá, ṣé ìgbéyàwó wà ni? Rewáyà wo ló ń fi aṣọ funfun ṣiṣẹ́?”

“Gbájú mọ́ táyà rẹ, jàre.”

“Mo gbájú mọ́ ọn. Ẹ̀yin lẹ ò gbájú mọ́ wáyà.”

Àwàdà ni fọkanáísà ń ṣe, kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀gá Wáyà lára. Kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ìyá fún ṣájì, ẹ jẹ́ kí n gbè é lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Kì í ṣe ti èrè. Ó ra ife kejì. Ó fi tìmùtìmù sórí bẹ́ǹṣì. Tí ìyá bá ti lọ, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí tì í, á wá máa ro iṣẹ́ ibi tó ń ṣe bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò ilé ìwé: bátìrì tó kún dáadáa, ìyá kì í wa ọkọ̀ kọjá àárín ìgboro, kì í wà á lálẹ́, kì í tan iná, díẹ̀díẹ̀ tí wáyà ń gbé lọ á kún un, á gbé e dé Ọjọ́rú. Kò ní dá a dúró. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn gan-an ló sì burú ńbẹ̀. Ó fi gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wọn àìsàn ọkọ̀ yẹn kó lè máa ṣàìsàn mọ níwọ̀n.

“Ọ̀gá Wáyà,” ìyá bi í lọ́jọ́ kan, “ẹ̀yin tí wọ́n ní kò sí irú yín, kí ló dé tí èyí ń bá yín fà á báyìí?”

“Ó lágídí ni, Ìyá.”

“Ó jọ ẹni tó ni ín nìyẹn,” ìyá sọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Wáyà yí ojú sí ògiri, ó ń tú nọ́ọ̀tì kan tí kò ní kó tú.

Ọjọ́rú keje ni ìyá wọlé tí kò ṣàwàdà. Ó jókòó, kò bọ́ bàtà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ń ṣàìsàn, ìlú tó wà sì tó wákàtí márùn-ún sí ibẹ̀. Ó ní ọdún mọ́kànlá rèé tí àwọn méjèèjì ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

“Kí lẹ bá ara yín jà sí?” Ọ̀gá Wáyà béèrè.

“Òun ló tọ́jú ìyá wa títí ó fi kú. Ó ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ní àwọn aboyún wà lọ́wọ́ mi, mò ń bọ̀, mò ń bọ̀. Ìgbà tí mo máa dé, wọ́n ti tẹ́ ìyá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, ‘O gbẹ̀bí fún gbogbo ayé, o ò ráyè wá pa ojú ìyá rẹ dé.’ Mo fún un lésì tí kò yẹ kí n fún un. Ó parí síbẹ̀.” Ó yí ojú sí ọkọ̀ rẹ̀. “Ọmọ rẹ̀ pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní ìyá òun ní kí n wá, ó ní ìyá òun ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá mi sọ, kò sì fẹ́ rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n máa gbé e kúrò ní ọsibítù wá sílé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ lọ. Ṣé ọkọ̀ yìí á gbé mi débẹ̀?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tó yẹ kó ti dìde rèé. Wáyà wà lára ògiri, púláyà wà lápò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé Ọjọ́bọ̀ ṣì jìnnà, Ọjọ́rú kan ṣì kù láàárín, Ọjọ́rú kan ṣoṣo, ìkẹyìn. Òun á ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Òun á ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ láyé.

“Ẹ gbé e wá ní Ọjọ́rú, Ìyá,” ó ní. “Màá tún un ṣe tán pátápátá. Kò ní dá yín dúró lọ́nà.”

“Mo gbẹ́kẹ̀ lé yín o,” ìyá sọ.

Bó ṣe lọ tán, Ọ̀gá Wáyà gé wáyà pupa tuntun. Kò nílò kó wọn ọ̀nà, ó mọ ọ̀nà náà sórí. Ó fi bàbà sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ó jó o mọ́ ọn dáadáa, ó fi rọ́bà bo ẹ̀gbẹ́ tó máa fara kan irin, ó ká a, ó gbé e kọ́ sára ìṣó. Ìyẹn fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó jẹun lọ́jọ́ yẹn, ó sì sùn.

Òjò ló jí gbogbo ayé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Aago mẹ́jọ ti lù nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó rò pé ọmọ òun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Ọjọ́ Àìkú.

“Ọ̀gá Wáyà, ọkọ̀ ti kú o.” Ìyá Agbẹ̀bí ni. Òjò ń lu òrùlé ọkọ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ̀. “Mo wà lójú ọ̀nà, mo ti rin wákàtí méjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní ìdájí, ó ní ara ìyá òun ti yí padà, ó ní orúkọ mi ló ń pè, kí n máa bọ̀ kíá. Mo tan iná, mo tan ìnugíláàsì nítorí òjò. Ó kọ́kọ́ ń lọ́ra, iná wá ń kú díẹ̀díẹ̀, ó bá dákẹ́. Kí ni kí n ṣe?”

Iná. Ìnugíláàsì. Nínú gbogbo ìṣirò tó ń ṣe, kò ka òjò mọ́ ọn rí.

“Ẹ má kúrò níbẹ̀,” ó ní. “Ẹ ti ilẹ̀kùn. Mò ń bọ̀.”

Ó gbé bátìrì tó kún jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ó mú wáyà kúrò lára ìṣó, ó mú sípánà méjì àti púláyà. Alùpùpù ló rí, ó sì gbé bátìrì lé itan lẹ́yìn ọlọ́kadà fún wákàtí méjì gbáko, òjò ń na ojú rẹ̀, kò nù ún. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń sọ pé kí ìyá yìí ṣáà bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàyè, kí ìyá yìí ṣáà bá a láàyè. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ.

Ó bá ìyá nínú ọkọ̀, gíláàsì ti ṣú, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nígbàkúgbà. Ìyá jáde, ó ṣí agbòòrùn lé e lórí kó lè rí ibi tó máa ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Wáyà yọ bátìrì òkú, ó fi èyí tó kún síbẹ̀. Ó fi púláyà ya wáyà jíjẹrà kúrò. Ó na tuntun láti ìdí atanétọ̀, ó tọ̀ ọ́ gba abẹ́ páànù, ẹnu rẹ̀ jókòó sórí bátìrì gẹ́lẹ́, kò gùn jù, kò kúrú. Ó fi sípánà dè é. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni Ìyá Agbẹ̀bí. Ó mọ ọwọ́ tó ń wá nǹkan, ó mọ ọwọ́ tó ti mọ ibi tí nǹkan wà.

“Wáyà yẹn,” ó ní, “ta ló sọ fún yín pé bó ṣe gùn tó nìyẹn?”

Ọ̀gá Wáyà tún ń fi sípánà de orí bátìrì tó ti le tẹ́lẹ̀.

“Mi ò sọ ohun tó ṣe ọkọ̀ fún yín lórí fóònù. Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ti gé wáyà wá láti ilé.”

Ó lè parọ́. Irọ́ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ìyá lábẹ́ agbòòrùn yẹn, kò lè pa á.

“Mo ti rí i láti Ọjọ́rú kejì,” ó ní.

“Kí lo wí?” Bí ìyá ṣe fi “ẹ” sílẹ̀ nìyẹn.

“Mo rí i, mo wé e padà. Iṣẹ́ kékeré ni. Mo fẹ́ ṣe é ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí, mo fi Ọlọ́run búra.”

“Ọ̀sẹ̀ márùn-ún,” ìyá sọ, bíi pé ẹlòmíì ló ń sọ ọ́ fún. “Ó rí i, ó wé e padà. Kí ni mo fi ṣe ọ́? Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?”

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Ìyá. Mo fẹ́ kí ẹ máa wá ni.”

Òjò ń rọ̀. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá, ó ta omi sí wọn lára, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò yẹ̀.

“O ò lẹ́nu ni?” ìyá ní. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. “O ò lè ní, Ìyá, ẹ máa yà kí mi? Ìwọ rò pé ọkọ̀ ló ń gbé mi wá jókòó síbẹ̀ yẹn látàárọ̀ dọ̀sán? Àgbàlagbà bíi tìẹ! Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí, mo wà láàárín igbó yìí láti aago mẹ́jọ, nítorí pé o ò lè la ẹnu rẹ!”

Ó pa agbòòrùn dé, ó wọ inú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iná pupa orí dáṣíbọ́ọ̀dù kú. Ọ̀gá Wáyà, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan míì ṣe, tún fi mítà kan orí bátìrì: fóòtì mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀. Ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ ṣí, ó lọ, ó kéré, òjò bò ó. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni. Ọlọ́kadà ti lọ tipẹ́. Ọ̀gá Wáyà gbé bátìrì òkú lé èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn padà lẹ́bàá títì títí ó fi rí ẹni tó gbé e.

Ó pe ìyá lọ́jọ́ Àìkú, kò gbé e. Ó pè é lọ́jọ́ Ajé, kò gbé e. Lẹ́yìn náà kò pè mọ́. Ọmọ rẹ̀ pè láti òkè òkun, ó béèrè bóyá ó ti jẹun, ó ní òun ti jẹun. Iṣẹ́ ń wọlé, ó ń ṣe é, ó ń dá àwọn olọ́kọ̀ lóhùn, ṣùgbọ́n ohùn ìyá yẹn kò kúrò ní etí rẹ̀: o ò lẹ́nu ni? Ọjọ́ kẹwàá ni fọkanáísà sọ pé òun rí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú nílé Ìyá Agbẹ̀bí. Ọ̀gá Wáyà wẹ ọwọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yẹn rí láìgbé àpótí irinṣẹ́ dání. Kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ rẹ̀ sí.

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn, kò ṣí i tán. Aṣọ dúdú ló wà lára rẹ̀.

“Ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan,” ó ní.

“Mo mọ̀, Ìyá. Ẹ̀yin ni mo wá kí. Mo wá bẹ̀ yín.”

Ìyá wò ó pẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀, “ẹ” sì ti padà sínú rẹ̀, ìyẹn sì dun Ọ̀gá Wáyà ju gbogbo èébú lọ.

“Aago méjì ni mo débẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ títí di aago méjìlá. Ó ń béèrè pé, ṣé ó ti dé? Ṣé ó ti dé? Lẹ́yìn aago méjìlá, ẹnu rẹ̀ wọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ọjọ́ méjì, ojú rẹ̀ là, ó ń wò mí, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ tèmi. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé.” Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. “Mo bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ bá mi sọ. Kò sọ fún un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ọ̀gá Wáyà kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí símẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà. Ó ń sunkún, kò fi pamọ́.

“Ẹ dìde,” ìyá ní. “Mi ò lágbára ẹkún ẹlòmíì.”

Ó dìde.

“Ẹ máa lọ sílé, Ọ̀gá Wáyà. Ọkọ̀ mi ti dáa, kò ní bàjẹ́ mọ́. Tí ẹ bá tún rí mi ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ ló gbé mi wá.”

“Ṣé ẹ máa wá, Ìyá?”

Ìyá ronú sí i. Ó ronú sí i tọkàntọkàn, Ọ̀gá Wáyà rí i pé ó ń ronú.

“Mi ò mọ̀,” ó ní, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Wáyà gbọ́ bó ṣe yí kọ́kọ́rọ́. Ó dúró díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sì ń lọ sílé.